Òjé Tó Wà Létí Òkúta

“Ta ló ní kí o fọ̀ ọ́?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbé ohùn sókè. Ó kàn na ìka sí àwo gíláàsì kékeré orí tábìlì, níbi tí òkúta kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ gbé ń dán. Kò jókòó, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jókòó.

“Kò sẹ́ni tó rán mi, sà,” ni obìnrin tí gbogbo yàrá ìwádìí náà ń pè ní Ìyá Olókùúta dáhùn. “Mo rí nǹkan kan létí rẹ̀ ni, mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Kí lo rí?”

“Òjé ni, sà. Òjé tí mo fi se òkúta yìí kò ṣàn kúrò lára rẹ̀ tán. Ó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ yí ká, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ọjọ́ Sátidé ni mo po ọtí kíkan mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ egbò, mo fi fọ òjé náà kúrò, mo sì gbé òkúta padà sínú ẹ̀rọ òtútù láti wọ̀n ọ́n. Iná mànàmáná kò gba etí rẹ̀ kọjá mọ́. Kò gbà á kọjá rárá.”

Ìró ẹ̀rọ òtútù ń wọlé láti yàrá kejì, ó ń mí gbù, gbù, bí arúgbó tó sùn. Ọkùnrin kan fi ẹ̀yìn ti fèrèsé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Àbúrò Ìyá Olókùúta ni, ọmọ ìyá kan náà, òun náà ló sì ti ń wọn àwọn òkúta yìí láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí ló ń wò nísàlẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

“O ti bà á jẹ́,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. O mú òkúta tí àwọn èèyàn ń ti òkè òkun kọ̀wé béèrè, o rì í bọ ọtí kíkan bí ẹni tó fẹ́ fọ ẹja, o wá ń sọ fún mi pé iná kò kọjá.”

“Bó bá jẹ́ pé mo bà á jẹ́ ni, sà, ẹ jẹ́ ká mú òmíràn. Mo ṣì ní mẹ́rin tí mi ò tíì fọwọ́ kàn.”

“O kò ní ìkankan. Yàrá ìwádìí yìí ló ni wọ́n.” Ó tẹ́ ọwọ́. “Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ òtútù. Mú un wá.”

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà lára ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òrùka rẹ̀ le, ó pẹ́ kí ó tó ṣí, èékánná rẹ̀ kan sì ṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń wò ó.

“Gbọ́ mi dáadáa,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n tún wí. “Kí o máa se òkúta ni iṣẹ́ rẹ. O mọ̀ ọ́n sè, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sè é tán, ọwọ́ rẹ ti kúrò níbẹ̀. Ìwé tí o kà kò gbé ọ dé ibi tí à ń wí yìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àbúrò rẹ máa dúró níwájú àwọn olùdánwò. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ òjé yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni kó tó di ọjọ́ náà, ìwọ ni mo máa mú.”

Ó jáde. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun,” ló wí, bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó sì lọ.

Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá Olókùúta ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Á kó ìyẹ̀fun oríṣiríṣi sínú ife kékeré kan tí kì í bẹ̀rù iná, á da òjé lé e, á sì tì í bọ inú ààrò. Bí ààrò náà bá gbóná tán, gbogbo rẹ̀ á yọ́ di omi kan. Á wá máa dín ooru rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkúta á sì máa hù nínú òjé náà bí iyọ̀ ṣe ń hù nínú omi tó ń gbẹ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ọjọ́ ìgbẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ yọ ife náà nígbà tí òjé ṣì gbóná tó ṣì ń ṣàn, kó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń pòyì, kí òjé lè fò jáde kó ṣẹ́ku òkúta nìkan. Bí ó bá pẹ́ jù tàbí bí ooru bá ti lọ jù, òjé á dì mọ́ òkúta lára. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ohun tí wọ́n ń fi àwọn òkúta náà wá kò ṣòro fún un láti lóye, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni pé adití ni. Òkúta yìí jẹ́ òòfà fúnra rẹ̀. Kì í sì í jẹ́ kí iná gba àárín rẹ̀ kọjá. Lọ́dọ̀ iná mànàmáná, bí igi gbígbẹ ló rí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sọ pé ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́kítírọ̀nù inú rẹ̀, àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé iná rìn, gbà tò lọ́ mọ́ra wọn, àti pé nítorí lílọ́ yẹn, ó di dandan kí ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún wọn ní etí òkúta, ní etí nìkan. Àwọn tó bá wà lójú ọ̀nà náà á máa rìn yí òkúta ká sí ìhà kan ṣoṣo. Wọn kò lè padà sẹ́yìn, ìdọ̀tí ojú ọ̀nà kò lè dá wọn dúró, agbára wọn kò sì ní dín kù.

Àbúrò rẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wọn lọ́jọ́ kan lórí tábìlì oúnjẹ. Ó gé ìwé ìròyìn ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ó ní kí ìyá àwọn fi ìka tọ ojú rẹ̀ lọ. Màmá tọ̀ ọ́ tọ̀ ọ́, ó gba ojú ìwé méjèèjì kọjá láìgbé ìka sókè, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

“Lílọ́ tí mò ń wí nìyẹn, Màmá,” ni àbúrò rẹ̀ wí lọ́jọ́ náà. “Ẹ lè rún un, ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè jókòó lé e lórí. Kò ní tú, àfi tí ẹ bá gé e.”

“Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ṣe?”

“Kí fóònù yín má máa gbóná mọ́ létí yín. Kí ẹ̀rọ má máa jẹ iná dànù.”

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín, ó tọ́jú ìwé lílọ́ náà sórí tẹlifíṣọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní Dókítà.

Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni òkúta kejìlá, èyí tó wà nínú àwo gíláàsì yẹn, fi ohun tí wọ́n ń wá hàn. Wọ́n gbé e sínú òtútù tó ju ti yìnyín lọ lọ́nà tí ẹnu kò lè ròyìn, iná sì yí etí rẹ̀ ká láìdínkù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀wé, ìwé náà jáde, ìkíni sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn yàrá ìwádìí mìíràn fi iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé oyè dókítà rẹ̀.

Àmọ́ bí òtútù bá mú òjé dé ìwọ̀n kan, iná á gba inú òun náà kọjá láìdínkù. Èyí kì í ṣe àwárí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé òjé ló gbé iná yẹn kiri, a jẹ́ pé ohun tí àwọn baba ńlá ti mọ̀ ni wọ́n ń jó lé lórí.

Ta ló sì fi òjé síbẹ̀? Lọ́jọ́ Sátidé náà, lẹ́yìn tó wọn òkúta tán, Ìyá Olókùúta ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó wá ọjọ́ tó yọ òkúta kejìlá. Ó rí i. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rán ẹni mẹ́ta sí i pé òun ń fẹ́ òkúta kíákíá. Ó dín ooru kù kíákíá, ooru ààrò sì ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó yọ ife, òjé sì ti ń ki. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀: ooru ti lọ, òjé ki, mo yára. Ó kọ ọ́, ó sì gbàgbé rẹ̀. Ó jókòó ti ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, ojú ń tì í bí ẹni tó bọ́ sí ìhòòhò, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nínú yàrá ìwádìí.

“Mo gbọ́ pé o ba nǹkan jẹ́ mọ́ Dókítà lọ́wọ́,” ni ìyá wọn wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, kí Ìyá Olókùúta tó bọ́ bàtà tán.

“Kò tíì di dókítà, Màmá.”

Ìyá náà ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Mo gbọ́ pé ohun tí ò ń wá gan-an nìyẹn. Kó má baà di í.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni àbúrò rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Kò kí i. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù?”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Bí o bá gba oyè lé e lórí, kò ní ṣeé sọ mọ́.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbà á ná. Ọdún tó ń bọ̀, a lè wá sọ ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́.”

“Àwọn tó ń kọ́lé lé e lórí ńkọ́? Èmi gan-an ni mo fi òkúta méjì ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣe ìwé tirẹ̀. Ó kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé òun kò rí ohun tí ẹ rí. Ó rò pé òun kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.”

“Èwo ló kàn mí nínú ìyẹn?”

Ìyá wọn da ẹnu bọ ọ̀rọ̀. “Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí ni àbúrò rẹ fi ṣe ọ́? Ṣé nítorí pé o kò parí ìwé tìrẹ ni? Ta ló ní kí o má parí rẹ̀?”

Ìyá Olókùúta gbé bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga. Ọdún kejì ló wà ní yunifásítì nígbà tí bàbá wọn kú, tó di dandan kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ méjèèjì dá ẹ̀kọ́ dúró. Òun ló dúró. Kò sẹ́ni tó ní kó dúró, òótọ́ ni; ńṣe ni gbogbo wọn dákẹ́ títí ó fi dúró fúnra rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀,” ló wí.

“Kò lè parí síbẹ̀,” ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó ti súnmọ́ wọn, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. “Ẹ jókòó síbẹ̀ ẹ ń ṣe bí olóòótọ́. Ta ló fi ìkánjú yọ òkúta nínú ààrò? Ta ló gbé e fún mi pé ó mọ́? Ẹ̀yin ni. Mo wọn ohun tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́. Oṣù mẹ́rìnlá ayé mi ni mo fi wọn ìwà ìkánjú yín.”

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ má sọ pé òótọ́ ni fún mi. Láti oṣù kẹta ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan kò dáa níbẹ̀. Mo gbé òòfà kékeré kan sún mọ́ ọn, lásán, mo kàn ń dán an wò, iná náà sì kú. Gbogbo rẹ̀ kú pátápátá. Mo gbé òòfà kúrò, ó tún padà. Ẹ rò pé mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí?”

Áyọ́ọ̀nù ń hó lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìyá Olókùúta wo àbúrò rẹ̀. Ìrìn ẹlẹ́kítírọ̀nù létí òkúta kò yẹ kó bẹ̀rù òòfà kékeré. Òjé ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mọ ìyẹn.

“O mọ̀,” ló wí.

Àbúrò rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu òun. Ó yí ojú sí ògiri. “Mo fi han Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ariwo ẹ̀rọ ni, kí n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ta ni mo jẹ́ tí mo máa bá a jiyàn?”

“O bá mi jiyàn lónìí.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fọwọ́ sí ìwé mi,” ni ó dáhùn, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Ìyá Olókùúta fi dé ibi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Ó kí àwọn mẹ́ta tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan ṣoṣo ló mi orí, ìyẹn náà sì tètè wo ojú àwọn tó kù. Wọ́n ti gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí ààrò. Ẹnì kan ti gbé ìgò ọtí kíkan kan sórí tábìlì rẹ̀, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó tú rìbọ́ọ̀nù náà, ó jù ú nù, ó gbé ìgò sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn ìgò tó kù. Ó wá àga mìíràn lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀.

“Jókòó,” ló wí. Ó ti ìwé kan sí i. Ìlà mẹ́fà ni. Ó sọ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ fi àìbìkítà ba òkúta kejìlá jẹ́, pé kò gba àṣẹ kó tó fọwọ́ kàn án, àti pé ohun tó wọ̀n lẹ́yìn náà kò ṣeé gbára lé. Ìyá Olókùúta kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Buwọ́ lù ú. Wàá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ padà lọ́la. Àbúrò rẹ á gba oyè rẹ̀. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó rọra tẹ àtúnṣe kékeré kan jáde, ẹnikẹ́ni kò ní kà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀.”

“Àtúnṣe wo, sà, bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ba òkúta jẹ́?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bírò kan sí i.

“Ẹ mọ̀ pé bí òòfà bá sún mọ́ ọn, ó ń kú,” ni Ìyá Olókùúta wí.

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ́ fìrí. “Ta ló sọ fún ọ?”

Ó rí i pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ta àbúrò òun, ṣùgbọ́n ó tún rí nǹkan mìíràn. “Ẹ kò sọ pé irọ́ ni, sà. Ẹ kò bi mí pé kí ni mò ń sọ. Ta ló sọ fún mi lẹ béèrè.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n fara ti àga. Ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i láti ọdún mọ́kànlá, kò sì fẹ́ràn ohun tó rí. “Bí o kò bá buwọ́ lù ú, kí n má rí ọ níbí lọ́jọ́ Ajé. Má sì rò pé yàrá ìwádìí mìíràn á gbà ọ́. Mo mọ gbogbo wọn. Ìpè kan péré ni.”

Ìyá Olókùúta yí ìwé náà padà. Sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ ọjọ́ tó yọ òkúta, bí ooru ààrò ṣe wà, bí òjé ṣe ki, bí ó ṣe fọ̀ ọ́, àti ohun tó rí lẹ́yìn náà. Kò kánjú. Ó buwọ́ lù ú, ó fi bírò lé e lórí, ó dìde. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kó tó gbọ́ ìró ìwé tó ń ya, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò wẹ̀yìn. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú báàgì rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kékeré ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ló lè wọlé. Àwọn olùdánwò mẹ́ta jókòó níwájú, Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lápá kan, ìyá wọn wà ní ìlà kìíní nínú aṣọ tó dára jù tó ní, ó di báàgì rẹ̀ mú lórí itan. Ẹ̀yìn pátápátá ni Ìyá Olókùúta jókòó sí. Láti òwúrọ̀ ló ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn: bí àbúrò òun bá sọ òótọ́, òun kò ní ya ẹnu.

Ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ mọ́, àwòrán rẹ̀ yéni. Olùdánwò àgbà jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ti yunifásítì mìíràn wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi pẹ́ńsùlù gbá etí ìwé bó ṣe ń gbọ́rọ̀. Ó béèrè ìbéèrè méjì tí kò le, ó sì dúpẹ́ fún ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló ní:

“Ṣé o gbé òòfà láti ìta sún mọ́ òkúta yìí rí? Kékeré ni mo wí o, kì í ṣe ńlá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Àbúrò rẹ̀ gbé ife omi, ó mu díẹ̀. Ojú rẹ̀ kọjá lórí ìyá wọn, ó kọjá lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò dé ẹ̀yìn.

“Kò sí ìyípadà kankan, mà.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. Pẹ́ńsùlù arúgbó náà dúró, lẹ́yìn náà ó kọ nǹkan.

Nígbà tí wọ́n béèrè bí àwọn tó wà ní ìjókòó bá ní ìbéèrè, bí wọ́n ṣe máa ń béèrè tí ẹnikẹ́ni kì í dáhùn, Ìyá Olókùúta dìde. Ìyá rẹ̀ yí ọrùn. Ó rí ẹnu ìyá rẹ̀ tó ń sọ láìsí ohùn pé, Jókòó.

“Kì í ṣe ìbéèrè, mà,” ló wí. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn àga iwájú mú, ó fi ọwọ́ kejì di ìwé iṣẹ́ rẹ̀ mú. “Èmi ni mo se àwọn òkúta náà. Mo yọ òkúta kejìlá nínú ààrò nígbà tí ooru ti lọ, òjé sì dì mọ́ etí rẹ̀. Mi ò mọ̀ títí di Sátidé tó kọjá. Nígbà tí mo fọ òjé náà kúrò, iná kò kọjá mọ́. Àṣìṣe èmi ni. Ohun tí mo gbé lé àbúrò mi lọ́wọ́ ló wọ̀n.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dìde. “Ẹ má dá a lóhùn, mà. Òṣìṣẹ́ tí a ń bá wí ni. A ti—”

“Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn?” ni arúgbó náà béèrè, kò wo Ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Ìwé iṣẹ́ mi, mà.”

“Gbé e wá.”

Ó rìn gba àárín àga kọjá. Ó gba iwájú ìyá rẹ̀ kọjá. Arúgbó náà fi ìka tọ ìlà náà, ó kà á, ó ṣí ojú ewé mìíràn sẹ́yìn, ó tún padà.

“Ìwọ lo kọ ọ́ pé o yára?”

“Èmi ni, mà.”

“Lọ́jọ́ náà gan-an?”

“Lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ó pa ìwé náà dé, ó gbé ọwọ́ lé e. “Gbogbo yín, ẹ bá wa jáde ná. Àwa mẹ́ta fẹ́ sọ̀rọ̀.”

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ńṣe làwọn èèyàn ń pín yà lójú ọ̀nà bí Ìyá Olókùúta ṣe ń kọjá. Ìyá rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀.

“Ọmọ méjì ni mo bí,” ni ìyá náà wí ní jẹ́jẹ́, kí ẹlòmíràn má baà gbọ́. “Èmi ni mo gbé yín lé ẹ̀yìn kan náà. Kò yé mi irú ọkàn tó wà nínú ìwọ.” Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ di irin rẹ̀ mú ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tó kù tú ká. Ó ṣẹ́ku òun àti àbúrò rẹ̀, tó dúró ti ògiri, tó tú bọ́tìnnì ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà.

“Ẹ kò sọ fún wọn pé mo mọ̀,” ló wí nígbẹ̀yìn.

“Mi ò sọ.”

“Kí ló dé? Kí n lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín títí ayé mi ni?”

“Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti jáde.”

“Mo kórìíra yín lónìí.”

“Mo mọ̀.”

Àbúrò rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyá Olókùúta mọ bó ṣe ń ronú. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba gbogbo ẹ̀bi. Bó bá dákẹ́, àánú rẹ̀ á ṣe wọ́n, wọ́n á ní ọmọ tó wọn ohun tí wọ́n gbé fún un tọkàntọkàn ni, wọ́n á fún un ní ọdún kan àti òkúta tuntun. Ọ̀rọ̀ òòfà á di ohun tí òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan mọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ pè é. “Wá. Ó ní bí a ṣe máa sọ ọ́.”

Àbúrò rẹ̀ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rárá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó rìn lọ sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó sì kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ní kó wọlé. Ó wọlé, ilẹ̀kùn náà padé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró síbi tó wà pẹ̀lú ọwọ́ tó na. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ó ká a wálẹ̀, ó fi ojú ẹni tí kò ní gbàgbé wo Ìyá Olókùúta, ó sì yà sínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Ohùn àbúrò rẹ̀ ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó lọ sílẹ̀, ó ń há mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá Olókùúta gbọ́ “oṣù kẹta”, ó gbọ́ “òòfà”, lẹ́yìn náà ohùn náà dúró.

“Máa bá a lọ,” ni arúgbó náà wí nínú lọ́hùn-ún.

Ìyá Olókùúta kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí.